Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Kun Mọ́tò, Kí Ló Dé?

Wọ́n tún ti ṣe é! Fẹ́ńdà kan péré ni ọlọ́kadà ha, ẹ kùn ún tán, mọ́tò sílífà mi ti wá dà bí aṣọ tí wọ́n fi àkísà lẹ̀. Fẹ́ńdà ń kọ mànà, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣú bí eérú.

Ọdún 12 loòrùn ti fi ń pa ọ̀dà ara ilẹ̀kùn yẹn! Ṣé ẹ ò mọ̀ pé tuntun ò lè bá a mu, àfi tẹ́ ẹ bá fọ́n ọn dé ara ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀ títí ojú ò fi ní mọ ààlà? Ẹ ò lè kọ́kọ́ fọ́n ọn sí páálí, kẹ́ ẹ gbé e sóòrùn wò? Inú ṣọ́ọ̀bù tó ṣókùnkùn lẹ ti ń pariwo, "Ọ̀gá, ó ti bára mu!" Ó bá kí ni mu? Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ̀yin ń kánjú gbowó!

Ẹ wá tún un kùn!