Ẹ Jẹ́ Kí Michigan àti Minnesota Máa Du Ìkòkò Wọn Lọ́dọọdún

Sáà 2025 ti lọ, ikọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti yunifásítì Michigan àti ti Minnesota ò fojú kanra lórí pápá. Ann Arbor, nílé Michigan, ni Little Brown Jug, ìkòkò tí ẹni tó bá borí nínú ìpàdé wọn máa ń gbé lọ, jókòó sí látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sẹ́ni tó dù ú. A ti sọ ọ́ lójú ewé yìí pé ibi tí ètò tí àwọn aláṣẹ Big Ten, líìgì tí àwọn méjèèjì wà, gbé jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2023 máa já sí nìyí, wọ́n kọ etí ikún. Ìpàdé 12 ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ yẹ̀ lọ́dọọdún. Ti ìkòkò yìí ò sí níbẹ̀.

Ìpàdé Maryland àti Rutgers wà níbẹ̀. Ọdún 2014 làwọn méjèèjì wọ líìgì náà. A ò bá wọn jà, kí wọ́n máa gbá a lọ. Ṣùgbọ́n kí ló ṣe ẹni tó rántí tiwọn, tó wá gbàgbé èyí tó ti wà láti 1903?

Lọ́dún yẹn, láti ìgbà tí Fielding Yost ti di olùkọ́ni Michigan ní 1901, kò sẹ́ni tó tíì nà wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé Minneapolis, nílé Minnesota, wọ́n ní ọkàn Yost ò balẹ̀ sí omi tí àwọn onílé máa fún wọn mu, ló bá ní kí wọ́n lọ ra ìkòkò omi wá. Sẹ́ǹtì 30 ni wọ́n rà á. Ọ̀mì 6–6 ni wọ́n ta, èrò ya wọ pápá, Michigan sì kó ẹrù wọn lọ láìmú ìkòkò. Oscar Munson, òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ibẹ̀, ló rí i, ó gbé e lọ fún L. J. Cooke, ọ̀gá eré ìdárayá Minnesota. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé Oscar ló gbà á. Wọ́n wá kọ 6 ti Minnesota gàdàgbà, wọ́n kọ 6 ti Michigan bíńtín. Ìtàn tí wọ́n ń pa ni pé nígbà tí Yost ní kí wọ́n dá a padà, wọ́n ní kó wá gbà á lórí pápá. Ó sì gbà á ní 1909.

Michigan ti kúrò nínú líìgì náà láti 1907, síbẹ̀ wọ́n gbéra lọ sí Minneapolis lọ du ìkòkò wọn. Lónìí tí wọ́n jọ wà nínú líìgì kan náà, àyè ò sí! Àyè wà fún UCLA láti kúrò ní Los Angeles lọ bá Rutgers ní New Jersey lọ́dún 2024.

Bí àwọn aláṣẹ bá ní ìpàdé méjì méjì tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ ni Michigan àti Minnesota ti ní, mẹ́ta ni wọ́n fún Iowa, tóun náà wà nínú líìgì náà. Ó ti sú wa. Owó tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wò.

Ara ìkòkò yẹn ni wọ́n ń kun àbájáde ìpàdé kọ̀ọ̀kan sí. Bó ṣe wà báyìí, ọmọ tó ń kàwé ní Minnesota lè lo ọdún méjì gbáko kí wọ́n má du ìkòkò náà nílé lójú rẹ̀. Kansas àti Missouri, táwọn náà jẹ́ abánidíje àtijọ́, dáwọ́ ìpàdé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tiwọn dúró lẹ́yìn 2011, ó di 2025 kí wọ́n tó tún pàdé.

Kí Big Ten fi ìpàdé kẹtàlá kún un, kí wọ́n má dúró de ìgbà tí ètò yìí máa parí ní 2028. Kí àwọn ààrẹ yunifásítì méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n béèrè rẹ̀ ní gbangba.