"A ò gba ọmọ Áfíríkà": ṣé ó yẹ kí òfin dá sí ọ̀rọ̀ ilé yíyá ní Màléṣíà?

Àkànní Cyberjaya
Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ilé yíyá ní Màléṣíà yìí ti sú mi. Ẹ lọ wo orí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí wọ́n ti ń polówó yàrá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: "Ọmọ Ṣáínà nìkan", "Màléè nìkan" (ìyẹn ẹ̀yà tó pọ̀ jù níbí), "a ò gba ọmọ Íńdíà", "a ò gba ọmọ Áfíríkà". Láìpẹ́ yìí, ejẹ́ǹtì kan ní kí n wá wo yàrá lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi àwòrán páásípọ́ọ̀tù mi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bó ṣe rí i báyìí, ó ní ilé ti lọ. Ìpolówó yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí di àná! N ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó, físà mi pé. Mo fẹ́ kí ìjọba wọn ka irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ìbejì Penang
Àkànní, pẹ̀lẹ́, ọmọ ìyá mi. Kì í ṣe àwa àlejò nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún o. Tíṣà kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Íńdíà ni, Ipoh ní Màléṣíà níbí ni wọ́n bí òun àti bàbá rẹ̀ sí, síbẹ̀ onílé ní òun ò fẹ́, pé òórùn kọ́rì á wọ ara ògiri. Onílé Màléè, tó jẹ́ Mùsùlùmí, ò fẹ́ kí wọ́n se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú ilé òun, Híńdù ò fẹ́ ẹran màlúù. Ìyẹn yé mi, ẹ̀sìn ni. Àmọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé "a kì í se irú ẹran báyìí níbí", ó parí. Kí ló kan ẹ̀yà?

Bọ̀dá Ṣẹ́gun
Ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún onílé. Ìyá ìyàwó mi ọmọ ibí ni, ó ní ilé ní Setapak, èmi ni mo ń bá a bójú tó o. Ayálégbé kan kó jáde lóru. Nígbà tá a ṣílẹ̀kùn, ó ti tú ẹ̀rọ amúlétutù kúrò lára ògiri, omi ń kán láti ojú páìpù tó já, kápẹ́ẹ̀tì ti rà. Iye tí ayálégbé sábà máa ń san sílẹ̀ níbí ni owó oṣù méjì fún ìdógò, ààbọ̀ oṣù nítorí iná àti omi, àti owó oṣù àkọ́kọ́. Ìdógò yẹn ò tó tún ilé ọ̀hún ṣe. Bí ayálégbé bá sì jókòó tì ẹ́ tí kò sanwó, o ò lè lé e jáde fúnra rẹ, àfi kó o gba ilé ẹjọ́ lọ. Ta ló fẹ́ ìyẹn, nígbà tí báńkì ń gba owó tí wọ́n yá onílé fi ra ilé lóṣooṣù?

Lọ́yà Àdùnní
Òótọ́ lẹ sọ nípa ilé ẹjọ́. Òfin Màléṣíà kan, Specific Relief Act ti 1950, abala 7, ló ní kí onílé má fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ti parí. Ìyá Ìbejì, ibi tó ti ṣòro rèé. Abala 8 ìwé òfin ìpìlẹ̀ Màléṣíà ní kí wọ́n má ṣe ẹ̀tanú sí ọmọ orílẹ̀-èdè nítorí ẹ̀sìn, ẹ̀yà, ìran, ibi tí wọ́n bí i sí, tàbí nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ọmọ orílẹ̀-èdè ni wọ́n kọ o, Àkànní ò sí níbẹ̀. Ní 2005, lórí ẹjọ́ òṣìṣẹ́ inú bàálù kan tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí oyún, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ tún sọ pé àárín ìjọba àti aráàlú ni òfin yẹn ń ṣọ́, kì í ṣe àárín ẹnì kan sí ẹnì kejì. Bí onílé bá lé tíṣà yẹn lẹ́nu ọ̀nà, kò ní ibi tó máa gbé e lọ.

Túndé Ìkẹjà
Ẹ máa bá Màléṣíà wí. L'Ékòó ńkọ́? Ṣé wọn kì í bi èèyàn pé ẹ̀yà wo ni? Ṣé ọmọbìnrin tí ò tíì lọ́kọ ń rí ilé bọ̀rọ̀? Òfin ilé yíyá Èkó ti 2011 ní kí wọ́n má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹ lọ béèrè iye tí ejẹ́ǹtì ń gbà.

Àkànní Cyberjaya
Ẹ̀gbọ́n Túndé, ohun tí ò dáa l'Ékòó ò lè dáa ní Cyberjaya. Kí wọ́n tún méjèèjì ṣe.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun
Bí wọ́n bá kà á léèwọ̀, onílé á yọ ọ́ kúrò nínú ìpolówó, á wá sọ fún ẹ lórí fóònù pé ilé ti lọ. Kí lo jèrè?

Ìyá Ìbejì Penang
Jíjèrè wà ńbẹ̀ o! Ọmọ mi ti ń kàwé, ó ń rí "a ò gba ọmọ Áfíríkà" lórí fóònù mi. Òun náà ni wọ́n ń sọ. Ohun tó kàn ń bà mí lẹ́rù ni pé òfin tó bá ti kan ẹ̀yà kì í rọrùn níbí. Ní 2018, ìjọba ní àwọn máa fọwọ́ sí àdéhùn ICERD, ìyẹn àdéhùn àgbáyé tó lòdì sí ẹ̀tanú ẹ̀yà. Ariwo sọ pé ó máa kó bá ẹ̀tọ́ àwọn Bumiputera, ìyẹn àwọn Màléè àtàwọn onílẹ̀ ìpínlẹ̀ Sabah àti Sarawak, tí abala 153 ìwé òfin ìpìlẹ̀ dá mọ̀. Ìjọba fà sẹ́yìn, èrò sì tún kún ìgboro Kuala Lumpur ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún yẹn.

Lọ́yà Àdùnní
Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká kọ́kọ́ mú ẹ̀rù onílé kúrò. Láti 2002 ni wọ́n ti ní ìgbìmọ̀ tó ń yanjú aáwọ̀ láàárín ẹni tó ra ilé tuntun àti ẹni tó kọ́ ọ, kíá, láìgba lọ́yà. Kí wọ́n dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún ayálégbé àti onílé, kí ìdógò sì wà lọ́wọ́ ẹni kẹta. Ìjọba ti ń sọ̀rọ̀ òfin ilé yíyá tipẹ́. Kí wọ́n fi èyí sínú rẹ̀, kí wọ́n sì fi ti ẹ̀tanú tẹ̀ lé e.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun
Ti ìgbìmọ̀ yẹn, mo fara mọ́ ọn. Ọjọ́ tó bá dé, èmi fúnra mi máa yọ "a ò gba ọmọ Áfíríkà" kúrò nínú ìpolówó tí mò ń kọ.

Àkànní Cyberjaya
Ẹ̀yin lẹ ń kọ ọ́? Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá?

Bọ̀dá Ṣẹ́gun
Ìyá ìyàwó mi ló ni ilé, Àkànní. Ohun tó bá ní kí n kọ ni mò ń kọ.

Àkànní Cyberjaya
Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ bá màmá sọ̀rọ̀. Kí wọ́n gba lẹ́tà iléèwé, kí wọ́n gba onígbọ̀wọ́, kí wọ́n pe onílé tí mo ti gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí. Gbogbo rẹ̀ ni mo ní. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tán tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ mi, màá gbà.