Ta ló ń ṣọ́ iná nígbà tí wẹ́dà bá ti lọ?

Ní sáìtì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, wẹ́dà ń jó irin fèrèsé lókè. Nígbà tó di aago márùn-ún, ó palẹ̀ mọ́, ó gbowó rẹ̀, ó lọ. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù ni ọlọ́dẹ gbóòórùn èéfín. Ẹ̀ta iná tó já bọ́ láti òkè ti wọnú lẹ́búlẹ́bú pákó tí àwọn kápẹ́ńtà rẹ́ sílẹ̀, ó fara pamọ́ síbẹ̀ fún bíi wákàtí mẹ́ta, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi tí àwọn bíríkìlà fi ń po sìmẹ́ǹtì. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ ò jìnnà síbẹ̀ rárá.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló dùn mí jù. Wẹ́dà ní iṣẹ́ òun ti parí kóun tó lọ. Kápẹ́ńtà ní òun kọ́ lòun jó irin. Fọ́máànù ní ká lọ bi kọ́ńtírátọ̀. Kọ́ńtírátọ̀ ní onílé ò fún òun lówó ẹ̀rọ ìpaná. Ẹran tí gbogbo ilé bá jọ ní, ebi ní í pa á.

Lójú tèmi, kí ìpìlẹ̀ tó jáde nílẹ̀ ló ti yẹ ká mọ ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ iná wà lọ́rùn rẹ̀, tó sì láṣẹ láti ní kí iṣẹ́ dúró. Òfin England àti Wales ti ọdún 2005 sọ ọ́ gbangba: ẹni tí ibẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yẹ ewu iná wò.

Kí ẹni náà máa rìn yíká. Kí ló lè jó níbí? Kí ló lè ta iná sí i? Ta ló ń sùn síbí? Mo tẹnu mọ́ ti oorun yìí gan-an. Àwọn lébùrà tó wá láti ọ̀nà jíjìn, orí páálí ni wọ́n ń sùn nínú ilé tí à ń kọ́. Ìdí àtẹ̀gùn ni wọ́n ti ń dáná, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo yẹn náà la sì máa ń to pákó dí. Bí iná bá sọ nísàlẹ̀, ibo ni wọ́n máa gbà? À ń ka àpò sìmẹ́ǹtì lálaalẹ́, a kì í ka èèyàn tó sùn sókè.

Kó sì máa tún un yẹ̀ wò, nítorí ohun tó wà nílẹ̀ nígbà tí à ń da dẹ́kìn kọ́ ló máa wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn apẹ́ńtì bá gbé tínà dé, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, tó máa ń tètè gbiná.

Ní Shanghai ní ọdún 2010, ilé alájà 28 kan jó nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe. Àwọn wẹ́dà tí kò níwèé àṣẹ ló ń jó irin lára rẹ̀. Èèyàn 58 ló kú. Ní Greenwich ní ìlú London ní 2007, wọ́n ń tún ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ Cutty Sark ṣe nígbà tí iná sọ níbẹ̀ nídàájí, tí àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sílé. Àwọn tó wádìí rẹ̀ ní ó jọ pé ẹ̀rọ afaeruku tí wọn ò pa fún òpin ọ̀sẹ̀ ló fà á.

Níbi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, aago mẹ́ta ni wẹ́dà máa ń pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan á jókòó ti ibẹ̀ fún wákàtí kan, èmi náà á tún lọ wò ó kílẹ̀ tó ṣú. Mo fi owó wákàtí náà kún iye tí mo gbé fún onílé. Ó bi mí pé kí ni "owó ìṣọ́ná". Mo ròyìn lẹ́búlẹ́bú pákó Ìbàdàn fún un, ó sì san án.