Ẹ Bi Ìyá Ọmọ Náà Léèrè

Èrò ọkàn mi nìyí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó kí n tó gbé e síta. Bí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ 6, a ó gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. A tún gbé e lọ ní ọ̀sẹ̀ 10, ní ọ̀sẹ̀ 14, àti nígbà tó bá pé oṣù 9. Wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á wo káàdì rẹ̀, wọ́n á kọ ọjọ́ tí a máa padà wá síbẹ̀. Ìyá tó gbé ọmọ náà wá ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé iwájú òṣìṣẹ́ ìlera, kò sí ẹni tó lọ wá a nílé. Gbogbo ìgbà tí mo gbé ọmọ mi kejì lọ, ní Ìlọrin níbí, ẹnì kan kò bi mí pé: "Ìwọ ìyá ńkọ́? Ṣé o ń sùn? Báwo ni inú rẹ ṣe rí?" Ohun tí mo fẹ́ kó yí padà nìyẹn, nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì tó máa ń mú ìyá lẹ́yìn ìbímọ ni mò ń sọ.

Ó ṣe èmi gan-an ni mo fi ń sọ ọ́. Ìbí náà kò le, ọmọ kò ṣàìsàn, ọkọ mi kò sá lọ, a sì rówó ṣe súnà. Mo tètè ń sọ èyí nítorí ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé kí ni ọkọ mi fi ṣe mí. Kò fi nǹkan kan ṣe mí. Ọmọ á sùn, èmi ò ní lè sùn. Màá dùbúlẹ̀ tì í, màá lajú sílẹ̀ títí wọ́n á fi pe ìrun àsùbáà. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́. Wọ́n á gbé ọmọ fún mi kí n fún un lọ́mú, màá fún un, àmọ́ bí ìgbà tí mò ń bá aládùúgbò tọ́jú ọmọ rẹ̀ ló ṣe máa ń rí lára mi. Nǹkan kan ń rìn kiri nínú orí mi, etí mi ń pariwo, àyà mi ń já. Mo lo oògùn ibà. Kò lọ.

Àwọn àgbà mọ irú orí bẹ́ẹ̀, ọdẹ orí ni wọ́n ń pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Makanjuola kọ̀wé nípa rẹ̀ fún àwọn oníṣègùn ọpọlọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1987. Ohun tó ń rìn nínú orí àti lára, ariwo inú etí, àyà tó ń já: ohun tí àwọn aláìsàn rẹ̀ ń ráhùn lé lórí nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn tó ní abiyamọ nílé pé kí wọ́n má ṣe dúró dìgbà tó bá sọ pé inú òun bà jẹ́. Ó lè má sọ ọ́ láéláé. Orí ni yóò sọ pé ó ń dun òun.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ nígbà náà pọ̀. "Àwọn kan ń wá ọmọ, wọn ò rí, ìwọ rí, o tún ń sunkún." "Má fọwọ́ ara rẹ pe ohun tí kò dáa." Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, wọ́n fẹ́ràn mi. Ìyá ọkọ mi ló ń wẹ ọmọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àwọn ló ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn mi, àwọn ló ń se ọbẹ̀ ata fún mi. Kò sí ohun tí ọwọ́ lè ṣe tí wọn kò ṣe. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan béèrè, kó sì jókòó gbọ́ èsì.

Ààfáà kan ní Pàkátà, ládùúgbò kan ní Ìlọrin níbí, ló kọ́kọ́ bi mí. Mo fẹ́ kí àwọn tó máa ń bú gbogbo ààfáà pọ̀ farabalẹ̀ ka ibí yìí. Wọ́n ka Kùránì sí mi lórí, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n wá ní kí gbogbo èèyàn jáde àfi ìyá ọkọ mi. Wọ́n bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ìyàwó, ǹjẹ́ ó máa ń ṣe ọ́ bíi pé kí o má sí láyé mọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá ọkọ mi bú sẹ́kún. Ààfáà ní, "Alíájà, àdúà ò ní dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sí ọ́sípítù lónìí. Ànábì sọ pé Ọlọ́run kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láì sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀." Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ kò rí irú ààfáà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2019, àjọ Human Rights Watch, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gbé ìròyìn jáde nípa àwọn tí wọ́n so mọ́ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ nílẹ̀ wa: nílé ìwòsàn ìbílẹ̀, ní ilé àwọn ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù àti ti Kìrìsìtẹ́nì, títí kan ibi tó jẹ́ ti ìjọba. Ẹni tó bá so aláìsàn mọ́lẹ̀ kò wò ó sàn, aṣọ ẹ̀sìn yòówù kó wọ̀.

Ní ọ́sípítù, dókítà obìnrin kan bi mí ní ìbéèrè mẹ́wàá, lédè Yorùbá. Wọ́n ṣe ìbéèrè náà jáde ní Edinburgh lọ́dún 1987, gbogbo rẹ̀ sì dá lórí ọjọ́ 7 tó kọjá. Ṣé mo ṣì ń rí ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín? Ṣé mò ń dá ara mi lẹ́bi láìnídìí? Ṣé ẹ̀rù ń bà mí lásán? Ìkẹwàá ló béèrè bóyá mo ti ro ó pé kí n pa ara mi lára. Kò gba àkókò rárá. Nọ́ọ̀sì lè ṣe é nígbà tí wọ́n ń dúró de ọmọ tó kàn.

Dókítà fún mi ní oògùn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ọmú, mo sì ń fún ọmọ lọ́mú nìṣó. Wọ́n tún ní kí n máa wá, kí a jọ máa sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kì í ṣe oògùn ẹ̀fọ́rí. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó hàn lára. Ọ̀pọ̀ ló ti jù ú nù kó tó tó àsìkò yẹn, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Ní tèmi, oorun ló kọ́kọ́ padà. Ìfẹ́ ọmọ náà pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ó sì dé.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nínú obìnrin 100 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nǹkan bíi 13 ni àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn ń bá jà, ìrẹ̀wẹ̀sì ló sì pọ̀ jù. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó bíi tiwa, ó súnmọ́ 20. Bí ìyá 20 bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ àjẹsára, ó ṣeé ṣe kí mẹ́rin nínú wọn wà níbi tí mo wà nígbà yẹn. Èyí yàtọ̀ sí ẹkún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ tó máa ń lọ fúnra rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ó sì yàtọ̀ sí àbísínwín, tó máa ń mú obìnrin bíi 1 tàbí 2 nínú 1,000, tó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Bí abiyamọ bá ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, tó ń sọ̀rọ̀ tí kò yé èèyàn, tó ní ọmọ náà kì í ṣe ọmọ èèyàn, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ má fi ọmọ àti ìyá sílẹ̀ láwọn nìkan. Ọ́sípítù ni, lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Kí ló dé tí a kì í sọ ọ́? Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni. Gbogbo wa mọ ohun tí wọ́n ń wádìí kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ: ṣé kò sí wèrè nínú ìdílé wọn? Màmá mi bẹ̀ mí pé kí n má sọ tèmi síta nítorí àbúrò mi obìnrin tí kò tíì lọ́kọ. Mo gbọ́ wọn yé. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rò ó débi tó yẹ. Òótọ́ ni pé ìrẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn ìbímọ lè túbọ̀ súnmọ́ ẹni tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní in rí. Bí a bá wá fi pamọ́, ọmọbìnrin náà á wọlé ọkọ, á lóyún, á bímọ, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa wo ojú rẹ̀ láàárọ̀. Àṣírí tí a ní a fi ń dáàbò bò ó ló mú kó dá wà lọ́jọ́ tó nílò èèyàn jù. Nígbà tí mo sọ èyí fún màmá mi, wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n wá ní ó ṣe àwọn náà nígbà tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Bàbá wa kú láì gbọ́. Àwọn ló ní kí n pe àbúrò mi wá kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi níbi tí mo ti ń ránṣọ. Bí oníbàárà bá pọnmọ wá, màá bi í nípa òun fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ á rẹ́rìn-ín, á ní "Àlìhámúdù lílàì." Àwọn kan á fa àga sún mọ́ mi.

Òfin náà ní ipa tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tó rọ́pò òfin tó ti wà láti 1958, tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Mo yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nínú Penal Code, òfin ìwà ọ̀daràn tí ìhà Àríwá ń lò, tó fi mọ́ Kwara wa, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Ta ni yóò dáhùn ìbéèrè kẹwàá yẹn ní òtítọ́? Kí wọ́n yọ ìjìyà yẹn kúrò nínú òfin pátápátá.

Ẹni tó bá ní dókítà ọpọlọ wa kò tó, òótọ́ ló sọ, àmọ́ kò dí wa lọ́wọ́. Ní ìgbèríko Pakistan, wọ́n kọ́ àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, tí kì í ṣe dókítà, bí wọn yóò ṣe máa bá aboyún àti abiyamọ tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì sọ̀rọ̀ nílé wọn. Èsì rẹ̀ jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, lọ́dún 2008: oṣù 6 lẹ́yìn ìbímọ, 23 nínú 100 ló ṣì ní ìrẹ̀wẹ̀sì láàárín àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ 53 láàárín àwọn yòókù. A ní irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Òmù-Àrán, ní Ọ̀ffà, ní gbogbo wọ́ọ̀dù tó wà ní Ìlọrin. Wọ́n mọ orúkọ àwọn ìyá. Kí ìjọba Kwara kọ́ wọn, kí wọ́n tẹ ìbéèrè mẹ́wàá náà ní Yorùbá sẹ́yìn káàdì àjẹsára.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ìwọ tí ò ń ka èyí pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀: bí nọ́ọ̀sì kò bá bi ọ́, sọ fún un pé, "Ọmọ ń ṣe dáadáa, èmi ni ara mi ò yá." Bó bá ní kí o lọ sinmi, sọ pé o fẹ́ ìwé tí yóò gbé ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ ní UITH, ọ́sípítù yunifásítì Ìlọrin, lọ́nà Jẹ́bà àtijọ́, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ ní ọ́sípítù ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Budo-Egba. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ láti dá lọ, kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀. Màá ti ṣọ́ọ̀bù, màá bá ọ lọ.