Yíyọ ilé ọmọ yàtọ̀ sí yíyọ ilé ẹyin

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín kiri pé obìnrin tí wọ́n bá yọ ilé ọmọ rẹ̀ yóò darúgbó lọ́gán kò rí bẹ́ẹ̀.

Nǹkan oṣù yóò dáwọ́ dúró, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé ẹyin ló ń pèsè họ́mọ́ònù obìnrin, ìyẹn èròjà inú ara tó ń darí nǹkan oṣù. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó sábà máa ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ lè tètè rẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá yọ ilé ẹyin méjèèjì ni ooru ara, irú èyí tó máa ń mú àwọn obìnrin àgbà tí nǹkan oṣù wọn ń parí, ń dé lójijì.

Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ bi dókítà: kí lẹ máa yọ, kí lẹ máa fi sílẹ̀? Ó tún máa ń wà nínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ yín.

Ẹni tó ti ṣe é rí lè kọ́ yín láti fi ìrọ̀rí ti ikùn bí ikọ́ bá dé, ìmọ̀ràn gidi sì ni. Kò kàn lè mọ ohun tí wọ́n yọ lára yín.