Kókó Tí A Kò Ta

Nígbàkúùgbà tí mo bá sọ fún àwọn ará ilé pé mo ń lọ gun àpáta ní Stanage, lẹ́bàá ìlú Sheffield tí mo ń gbé, ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni bóyá gíga ibẹ̀ kì í bà mí lẹ́rù. Màmá mi tilẹ̀ ní, "Ṣé kò sí àtẹ̀gùn níbẹ̀ bíi ti Òkè Ìdànrè ni?" Ní tèmi o, ọ̀rọ̀ gíga kọ́ ló yẹ kí a máa bi ẹni tó ń gun àpáta. Ohun tó yẹ kí a bi í ni pé, ta ló bá a yẹ kókó okùn rẹ̀ wò kó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Lynn Hill. Ní ọdún 1989, nígbà tó ti wà lára àwọn tó mọ àpáta gùn jù lágbàáyé, ó fẹ́ gun àpáta kan ní Buoux ní ilẹ̀ Faransé. Ó ti ki okùn bọ inú bẹ́líìtì rẹ̀, ìyẹn bẹ́líìtì ààbò tí agungun àpáta máa ń dè mọ́ ìbàdí àti itan, ṣùgbọ́n kó tó ta kókó náà parí ni ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó lọ wọ bàtà, jákẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ sì bo okùn náà mọ́lẹ̀. Ó gùn ún dé òkè láìséwu. Ìgbà tó wá fara ti okùn kí wọ́n lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni okùn yọ, tó sì já bọ́ láti ibi tó ga ju mítà 20 lọ. Igi ló gbà á sílẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ yẹ̀, eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Obìnrin yìí kan náà ni, ní ọdún 1993, ó di ẹni àkọ́kọ́ tó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan gun ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní The Nose lára àpáta El Capitan ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé ààbò lásán ni okùn wà fún. Àìmọ̀-ọ́n-gùn kọ́ ló fẹ́ pa á.

Ti Alex Honnold tún yà mí lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, ó gun El Capitan, tó ga tó nǹkan bíi mítà 900, láìlo okùn rárá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, ní ìpínlẹ̀ Washington, okùn wà lára rẹ̀ dáadáa nígbà tó já bọ́ tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fi ṣèṣe. Okùn náà kò gùn tó. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ bọ̀, ìdí okùn náà yọ kúrò nínú irin tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ fi ń dá a dúró, nítorí pé kò sí kókó níbẹ̀. Ohun tó jọ èyí ló pa Brad Gobright ní El Potrero Chico, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019: òun àti ẹnìkejì rẹ̀ jọ ń fi okùn kan tí wọ́n fi kọ́ òkè sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, apá méjèèjì okùn náà kò gùn dọ́gba, wọn kò sì ta ìdí rẹ̀ ní kókó. Ẹni ọdún 31 ni. Ta ni kò lè ta kókó kan?

Àwọn adẹ́mu ilé wa mọ ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí adẹ́mu tó ní làákàyè tí yóò fi igbà tó ti ń já kọ́ ọ̀pẹ nítorí pé ó gbé e dé òkè lánàá. Síbẹ̀, bẹ́líìtì tó ti gbó ló já mọ́ Todd Skinner lára ní Yosemite ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2006, tó sì pa á, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti fi gun àpáta káàkiri ayé. Ẹnìkejì rẹ̀ ti rí i pé ó gbó. Skinner sì ti ránṣẹ́ ra tuntun.

Ohun kan tí mo fẹ́ràn lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni pé láti ọdún 1948 ni American Alpine Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun òkè, ti ń tẹ ìròyìn ìjàǹbá jáde, tí wọ́n ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ibi tí àṣìṣe ti wọlé, láìfi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Láàárín tiwa, a máa ń yára sọ pé iṣẹ́ ayé ni, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Èmi náà kò mọ́ nínú rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń gun àpáta wo ìbàdí mi, ó ní kókó mi kò pé. Kókó tó rí bíi nọ́ńbà 8 ni à ń ta. Lẹ́yìn tí okùn bá ti wọ bẹ́líìtì, ó gbọ́dọ̀ padà tọ ipa ara rẹ̀ títí yóò fi di méjì-méjì. Tèmi kò tíì tọ ipa dé ìdajì, ẹnu ọ̀rọ̀ ni mo wà. Kí n má purọ́, inú ló kọ́kọ́ bí mi, nítorí pé ọmọ náà kò tíì wọ iléèwé gíga nígbà tí mo ti ń gun àpáta. Mo tú u, mo tún un ta, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kèrègbè ni kókó yìí jẹ́ fún mi lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá sọ pé òun ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń yẹ kókó rẹ̀ wò, n kì í bá a gun àpáta.