Dídán Ojú Tọ́ọ̀pù Sílíńdà Kì í Ṣe Ẹ̀rí Pé Ó Tẹ́jú

Ẹni tó kọ̀wé pé bí tọ́ọ̀pù sílíńdà (irin tó bo orí ẹ́ńjìnnì) bá ti ń dán nígbà tó dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fi ẹ̀rọ fá ojú rẹ̀ kí ó lè tẹ́jú, kí a dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì láì tún yẹ̀ ẹ́ wò, ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Irin tó wọ́ lè dán bíi dígí.

Ohun tó yẹ ni kí a gbé irin gbọọrọ tó tọ́ gan-an lé ojú rẹ̀ ní gígùn, ní ìbú àti láti igun dé igun, kí a sì gbìyànjú láti ti ewé feeler gauge (ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo) sábẹ́ irin náà; lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kéékèèké, bí ewé tó ju 0.05 mm lọ bá wọlé, iṣẹ́ kò tíì parí, ṣùgbọ́n ìwé ẹ́ńjìnnì náà gan-an ni kí a tẹ̀ lé. Kí a wọn gíga tọ́ọ̀pù náà pẹ̀lú, nítorí pé bí wọ́n bá fá a jù, fáàfù (ìdérí kékeré tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti èéfín, tó sì ń pa á dé) lè máa kan písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà.

Ní ti fáàfù, ẹ da kẹrosíìnì sínú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde, kí ẹ wá wo ẹnu fáàfù ní ìhà kejì: bí ó bá ń rin, kò jókòó dáadáa. Sísán ńkọ́? Èmi ò gbà kí wọ́n fá tọ́ọ̀pù tí wọn kò tíì fi afẹ́fẹ́ àti omi dán wò, nítorí owó tí wọ́n fi fá a á ṣòfò bí ó bá ti sán.